Erùpẹ̀ Ọkọ̀ Glenarra

Olè wọ ilé tí agogo idẹ wà, tí ṣíbí fàdákà wà, tí aago ọ̀gá ọkọ̀ ń dán nínú gíláàsì. Ó fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀, ó kó erùpẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, irú olè wo nìyẹn? Èmi Tàjùdéèn, ó ti pẹ́ tí mo ti ń wa takisí ní Dublin yìí. Mo ti gbé ọ̀mùtí, mo ti gbé bíṣọ́ọ̀bù, obìnrin kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ sẹ́yìn mọ́tò mi rí, ṣùgbọ́n n ò gbọ́ irú èyí rí. Ká ní kì í ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n kà á sí lọ́rùn, ẹ̀rín ni ǹ bá fi rín.

Múyìíwá ni orúkọ ọmọ náà. Òun ni sẹkiúrítì ilé àfihàn kan létí odò Liffey, níbi tí wọ́n ti ń fi àwọn ẹrù tó kù lára ọkọ̀ òkun Glenarra han àwọn èèyàn. Ọkọ̀ funfun ńlá ni Glenarra. Belfast ni wọ́n ti kàn án lẹ́yìn ogun Hitler, Liverpool sí Àpápá ló sì ń ná, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti nọ́ọ̀sì wa á kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

Nígbà tí erùpẹ̀ pòórá, wọ́n ní kí Múyìíwá lọ jókòó sílé. Kámẹ́rà ti fi í hàn níbi tó ti ń gbé báàgì onítáyà kan gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde, báàgì náà sì wúwo débi pé ó ń tẹ̀ sápá kan. Ìwé tó kọ sí ìjọba pé òun fẹ́ di ọmọ Ireland ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Tí wọ́n bá lè pè é lólè pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ lọ nìyẹn, ìwé náà lọ nìyẹn. Ìyá rẹ̀ ń pè mí láti Ìṣẹ́yìn ní àràárọ̀, ó ń sunkún sí mi létí, bí ẹni pé èmi ni mo kó erùpẹ̀.

Mo bá ké sí Àǹtí Yẹ́misí. Olúyẹ́misí lorúkọ rẹ̀ gan-an. Ó ti ṣe ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Ìbàdàn kó tó wá síbí. Ìlú Swords ló ń gbé báyìí, àwọn lọ́yà ló máa ń gbé iṣẹ́ ìwádìí fún un. Obìnrin kúkurú ni, kì í pariwo. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé ó máa ń jẹ ẹ̀pà nínú mọ́tò mi, á sì máa da èèpo rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni pé ó gba ẹni tí yóò máa gbálẹ̀ ibẹ̀ fún mi.

*

Wọ́n ti to apá kan ilé àfihàn náà bíi yàrá ìgbafẹ́ inú ọkọ̀: àga aláwọ̀ ewé, tábìlì rìbìtì, dùùrù àtijọ́. Ní kọ̀rọ̀ ni àgbá kékeré kan wà, kò ga ju orúnkún lọ, ọ̀já idẹ ni wọ́n fi dì í. Ọ̀pẹ kékeré kan, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe yàrá lọ́ṣọ̀ọ́, ló máa ń wà nínú rẹ̀. Báyìí, ọ̀pẹ wà nílẹ̀, àgbá ti ṣófo.

Mo rò pé àgbá ni Àǹtí Yẹ́misí máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Rárá o. Ọ̀pẹ ló bẹ̀rẹ̀ tì.

"Ta ló fi tíṣù tútù wé gbòǹgbò ọ̀pẹ yìí?"

Ọ̀gá ibẹ̀, òyìnbóbìnrin kan tó ga bí òpó iná, ní, "Bí a ṣe bá a nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án."

"Olè ló wé e, àbí?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀."

"Olè tó ń wá dáyámọ́ǹdì, ó wá ráyè fomi rẹ tíṣù kí ọ̀pẹ má baà kú." Àǹtí Yẹ́misí mi orí, ó yí sí àgbá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti dáyámọ́ǹdì yìí kó tó dojú rú. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Timothy, ará Skerries, ló ni àgbá náà. Bàbá rẹ̀ ṣe agbáwo nínú Glenarra. Timothy ti sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn pé oníṣòwò kan láti Freetown ló bo dáyámọ́ǹdì mọ́ inú àgbá ọ̀pẹ náà láyé ọjọ́un. Ìròyìn yẹn jáde, kò pẹ́, erùpẹ̀ pòórá. Ojú Múyìíwá ni gbogbo ayé wá ń wò.

Àǹtí Yẹ́misí ti ọwọ́ bọ abẹ́ ọ̀já idẹ. "Ẹ wo ibí, Bàbá Rafiat." Rafiat lorúkọ ọmọ mi. Mo wò ó. Ẹnì kan ti ha ìlà kékeré méjì sára igi, wọ́n dábùú ara wọn. Ìlà náà ti pẹ́, ó ti dúdú. Ṣùgbọ́n gbogbo abẹ́ idẹ ló ní eruku, ojú ìlà yẹn nìkan ni wọ́n ti nù mọ́.

Ó tún fa nǹkan yọ láàárín tìmùtìmù àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá. Ife tíì ni. Erùpẹ̀ lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀.

"Èyí ni wọ́n fi bù ú," ó ní. "Ife kan, ife kan. Ẹni yìí jókòó sórí àga yìí pẹ́ dáadáa, àwọn èèyàn ń kọjá níwájú rẹ̀. Madam, irú ẹni wo ló lè jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ níbí tí ẹ ò ní bi í ní nǹkan kan?"

Ọ̀gá náà kàn ń wo àga náà.

Àǹtí Yẹ́misí bu erùpẹ̀ díẹ̀ tó dà sílẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra á. Mo rí i pé hóró funfun wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. Ó dì í sínú tíṣù, ó fi sápò. Nígbà tá a jókòó sínú mọ́tò, ó ṣí ẹ̀pà, n ò sì bá a jà, torí ojú rẹ̀ ti le.

*

Múyìíwá ti ń dúró dè wá nílé mi ní Balbriggan. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ sí. Rafiat mú ife jáde nínú press, bí wọ́n ti ń pe kọ́bọ́ọ̀dù níbí, ó ń da tíì.

"Báàgì ta lo gbé?" Àǹtí Yẹ́misí bi í.

"Ti màmá kan ni, ma. Mo ti sọ fáwọn ọlọ́pàá."

"Màmá wo?"

"Màmá kan, ọmọ Yorùbá. Ọ̀sán yẹn, wọ́n ní tíì àti orin fún àwọn àgbà. Màmá yìí jókòó sí kọ̀rọ̀, wọ́n ń hun òwú. Nígbà tí gbogbo wọn ń lọ, mo rí wọn níbi tí wọ́n ti ń wọ́ báàgì lọ sídìí àtẹ̀gùn iwájú. Lífítì ti bàjẹ́. Ṣé kí n máa wò wọ́n ni? Mo gba báàgì, mo gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tí àwa òṣìṣẹ́ nìkan ń gbà jáde, níbi tí kò sí àtẹ̀gùn, Màmá sì fara ti irin sọ̀kalẹ̀ níwájú pẹ̀lú àwọn òyìnbó arúgbó yòókù. Mo bá wọn gbé e sínú takisí."

"Kí lorúkọ wọn?"

Ọmọ náà wò mí, ó wo Àǹtí Yẹ́misí.

Rafiat gbé ìgò mílíìkì kalẹ̀. "Did you not even ask her name, like?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ bi ìyá àgbà lórúkọ?" Múyìíwá dá a lóhùn. "Mo kí wọn. 'Ẹ káàsán, ma.' Ṣé ìyẹn ò tó?"

Ẹ ò rí nǹkan. Ọlọ́pàá béèrè orúkọ, ó ní Màmá. Wọ́n ní Màmá wo, ó ní Màmá náà ni. Ó máa dà bíi pé ó ń fi wọ́n ṣeré. Inú bí mi, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bá jà? Èmi náà ò ní bi wọ́n.

"Báàgì yẹn wúwo?" Àǹtí Yẹ́misí béèrè.

"Bí àpò ìrẹsì."

"O ò bi wọ́n pé kí ló wà níbẹ̀."

"Àǹtí, ẹ̀yin náà kẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Wọ́n ṣàdúrà fún ẹ?"

"Wọ́n ṣe é, ma. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Mo rò pé wọ́n á sọ pé n ò ní ru ẹrù òfò, bí wọ́n ṣe máa ń sọ. Wọ́n ní, 'Omi ò ní gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ.'"

Àǹtí Yẹ́misí gbé ife tíì sílẹ̀. "Ṣé o ti bímọ ni?"

"Rárá, ma. N ò tíì gbéyàwó."

"Ṣé o sọ fún wọn pé o ní ọmọ?"

"N ò sọ nǹkan kan."

Kò tún bi í ní ohun mìíràn. Ó mu tíì rẹ̀ tán, ó ní kí n gbé òun lọ sí Skerries.

*

Ilé Timothy kọjú sí òkun. Bàbá náà á ti tó àádọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ pọ́n, ó wọ súwẹ́tà tí ìgúnpá rẹ̀ ti já. Gbogbo ògiri rẹ̀, Glenarra ni: Glenarra ní Freetown, Glenarra ní Àpápá, Glenarra tí wọ́n ta àsíá sí lára. Òyìnbó ló ń sọ o, èmi ni mò ń tú u báyìí.

"Bàbá mi kì í gbé ilé," ó ní. "Èmi àti ìyá mi máa lọ dúró ní Liverpool, a máa rí i lókèèrè, ó ń bọ̀, funfun báláú. Tó bá wọlé, bàbá mi á sùn, á jí, á tún lọ. Mo kórìíra ọkọ̀ yẹn. Nígbà tí wọ́n dá a dúró, bàbá mi jókòó sílé, kò ní ọ̀rọ̀ láti bá ẹnikẹ́ni sọ. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé mo fẹ́ràn ọkọ̀ náà."

Ó fi fọ́tò kan hàn wá. Lẹ́yìn tí bàlúù gba èrò lọ́wọ́ Glenarra, wọ́n tà á, ó di hòtẹ́ẹ̀lì lórí omi ní Gíríìsì. Nígbà tó gbó níbẹ̀, wọ́n wà á lọ sí etíkun India. Wọ́n ní kó sáré wá láti ojú agbami, kó gun iyanrìn fúnra rẹ̀. Nínú fọ́tò náà, imú ọkọ̀ ti wọ ilẹ̀ gbígbẹ, àwọn ọkùnrin wẹ́wẹ́ dúró sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú iná tí wọ́n fi ń gé irin. Mi ò mọ ìdí tí àyà mi fi já. Irin sá ni.

"Ìwọ lo kó erùpẹ̀ náà," Àǹtí Yẹ́misí sọ fún un.

Timothy fò dìde. Ó ya èmi náà lẹ́nu, torí Àǹtí Yẹ́misí ò sọ fún mi pé ibi tó ń lọ nìyẹn. Ọkàn mi balẹ̀ pé a ti mú olè.

"Mi ò dé ibẹ̀ lọ́jọ́ yẹn! Mo wà ní Belfast, ẹ bi ẹ̀gbọ́n mi."

"Mi ò sọ pé lọ́jọ́ yẹn." Ó tú tíṣù rẹ̀ sórí tábìlì, ó fi ìka tọ́ àwọn hóró funfun. "Erùpẹ̀ ilé ìtajà ni èyí, ti òní olónìí; wọ́n ń po hóró funfun yìí mọ́ ọn kí òdòdó lè hù dáadáa. Kò sí irú ẹ̀ nínú ọkọ̀ kankan láyé ọjọ́un. Ìwọ lo kó ti àtijọ́ jáde, o ra èyí dí i. O mọ̀ pé kò sí dáyámọ́ǹdì níbẹ̀."

Bàbá náà jókòó padà díẹ̀díẹ̀. Ó ní òótọ́ ni. Ó ní nígbà tí bàbá òun ń kú lọ, ó di òun lọ́wọ́ mú, ó ní, tí wọ́n bá gé ọkọ̀ yẹn, tí o bá lè ra ohun kan ṣoṣo níbẹ̀, ra àgbá ọ̀pẹ tí ẹnì kan ha ìlà sí lábẹ́ idẹ. Kò sọ ìdí.

"Mo rà á. Mo ní ohun iyebíye gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Mo da erùpẹ̀ sílẹ̀, mo sẹ́ ẹ bí ìyẹ̀fun, n ò rí nǹkan kan. Èmi ni mo wá hùmọ̀ dáyámọ́ǹdì, kí àwọn èèyàn lè wá wo ọkọ̀ bàbá mi. Ẹnikẹ́ni ò rántí rẹ̀ mọ́."

"Erùpẹ̀ àtijọ́ ńkọ́? Níbo lo dà á sí?"

Ó nawọ́ sí ojú fèrèsé. Igi ápù kan wà lẹ́yìn ilé, lẹ́bàá ògiri òkúta, òdòdó ti bò ó. Àǹtí Yẹ́misí jáde lọ bá a, ó dúró tì í, ó pẹ́ kó tó padà. Nígbà tó padà, ó ní kí Timothy má ṣe fi ṣọ́bìrì kan ìdí igi náà rárá.

*

"Ta wá ni olè?" mo bi í nínú mọ́tò. "Tí kì í bá ṣe òyìnbó yìí, tí kò sì sí dáyámọ́ǹdì?"

"Bàbá Rafiat, gbogbo yín ń wá ohun tó wà nínú erùpẹ̀. Tí ó bá jẹ́ pé erùpẹ̀ náà gan-an ni olè wá gbé ńkọ́?"

"Kí lèèyàn fẹ́ fi erùpẹ̀ ṣe?"

"Níbo ni wọ́n ri ìwọ́ yín mọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà bá mi lójijì. Mo ní lẹ́yìn ilé bàbá mi ni, ní Ìṣẹ́yìn, lẹ́bàá igi ọsàn. Bí mo ṣe sọ ọ́, mo rí ibẹ̀, mo rí ìyá mi tó ń da omi ìfọṣọ sídìí igi náà. Ilé wá wù mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ibi tó yẹ kí n ti yà.

"Ti Rafiat ńkọ́?"

"Ọsibítù ni wọ́n bí i sí. Mi ò mọ ibi tí wọ́n kó o sí."

Ó di ẹ̀pà rẹ̀ padà. "Ẹni tí wọ́n bí sórí òkun, ibo ni wọ́n máa ri tiẹ̀ mọ́? Irin àti pákó ni ọkọ̀. Ilẹ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni èyí tó wà nínú àgbá ọ̀pẹ. Ìyá ọmọ ló ha ìlà sí i kó lè mọ̀ ọ́n. Ìyá ọmọ ló nù ún lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó bá ń dun àgbàlagbà ló máa ń bọ́ sínú àdúrà rẹ̀. Ó ní kí omi má gba ọmọ lọ́wọ́ Múyìíwá. Ìyẹn ni pé omi ti gba tiẹ̀."

Mo pa rédíò.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe fóònù. Ó ní àwa tá a wá síbí nígbà tá à ń wá ibi ìsádi, a kéré jù láti ti gun ọkọ̀ yẹn nígbà tó ń ná Àpápá. Ìyá tó gùn ún, ó gbọ́dọ̀ ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọ̀dọ̀ ọmọ ló sì máa wà. Irú wọn ò pọ̀ ní Dublin. Ìyá ìjọ kan ló kọ́kọ́ pè, ìyẹn ní kó pe òmíràn. Kò pẹ́, ó rí i: Màmá Kòfowórọlá, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ń gbé ní Tyrrelstown lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, dókítà.

"Kí lorúkọ dókítà náà?" ó bi ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó gbọ́, ó yíjú sí mi. "Ayọ̀túnjí. Wọ́n ní àkọ́bí ni. Bàbá Rafiat, ayọ̀ tí a bá ní ó tún jí, ó ti sùn rí."

*

Dókítà Ayọ̀túnjí dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, kò fẹ́ ká wọlé. Èèyàn dáadáa ni, ẹ máa rí i lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ti bí i.

"Ìyá mi? Kí wọ́n lọ jí erùpẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ."

"Dókítà, ẹ má bínú. Ṣé ẹ ní ẹ̀gbọ́n?"

"Èmi ni àkọ́bí wọn. Kí nìyẹn kàn yín?"

"Ayọ̀." Láti orí àtẹ̀gùn ni ohùn náà ti wá. Ìyá kan dúró lókè, ó tín-ín-rín, irun rẹ̀ funfun, ó di irin mú. "Jẹ́ kí wọ́n wọlé."

A gòkè lọ sí yàrá wọn. Níwájú fèrèsé ni ọpọ́n ìfọṣọ aláwọ̀ búlúù kan wà lórí àpótí, aṣọ funfun ni wọ́n fi bò ó. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ ohun tó wà lábẹ́ aṣọ náà. Àǹtí Yẹ́misí kúnlẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, a kí wọn.

"Ta ló rán yín?" Màmá béèrè.

"Ọmọ tó bá yín gbé báàgì ni, ma. Wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní òun ni olè."

Màmá wo Àǹtí Yẹ́misí bí ẹni tí kò gbọ́. "Ọmọ tó ru ẹrù mi?" Wọ́n yí sí ọmọ wọn. "Ayọ̀, mú kóòtù mi wá. Gbé mi lọ bá ọlọ́pàá."

"Mọ́mì, ẹ jókòó ná. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Wọ́n jókòó. Wọ́n fi ọwọ́ lé etí ọpọ́n náà, wọ́n sì sọ ọ́, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ohun tí wọ́n ti ń sọ fún ara wọn láti ọjọ́ yìí wá.

"Ọdún tí mo parí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Liverpool ni. Bàbá ẹ ti ṣíwájú lọ sílé. Mo lóyún, mo ní dandan, ilé ni mo ti máa bímọ, kí ìyá mi lè bá mi wẹ̀ ẹ́. Bí a ṣe kúrò ní Las Palmas, mo rọbí. Obìnrin ni. Irun kún orí rẹ̀. Nígbà tí ìwọ́ rẹ̀ já, mo dì í sínú áńkáṣífì, mo ní tí a bá délé, ẹ̀yìn ilé bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n máa rì í mọ́. Alẹ́ yẹn ni ara rẹ̀ gbóná. Ilẹ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ò mọ́ bá a."

Dókítà ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kóòtù ìyá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n wé e ní funfun. Ọ̀gá ọkọ̀ ka Bíbélì. Wọ́n gbé pákó sókè, mo gbọ́ ìró omi. Ọkọ̀ ò dúró o. Ó dín eré kù ni, ó sì tún gbéra. Èmi àti áńkáṣífì ló kù. Mo ní tí mo bá gbé e délé, ilé kì í ṣe ibi tí ọmọ yìí mọ̀. Ọkọ̀ yìí ló mọ̀. Mo rì í mọ́ inú àgbá ọ̀pẹ, mo fi píìnì irun ha igi rẹ̀."

"Ẹ ò sọ fún mi rí," ọmọ wọn ní.

"Àwọn àgbà ní kí n má sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́, kí ìwọ lè dúró. Mo gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n tí Glenarra bá ti gúnlẹ̀ ní Àpápá, mo máa wá nǹkan ṣe lápá ibẹ̀, mo máa dúró sẹ́yìn wáyà, mo máa wò ó. Àwọn èèyàn ń sọ pé ìlú òyìnbó ló tún ń wù mí. Nígbà tó di hòtẹ́ẹ̀lì, mo bẹ bàbá ẹ pé kó mú mi lọ sí Gíríìsì. Ó ní kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní Gíríìsì. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ pé wọ́n ti gé e, n ò jẹun. Mo ní ó tán, n ò ní rí i mọ́. Wọ́n wá mú wa lọ mu tíì, mo yíjú, mo rí àgbá mi."

Wọ́n ṣí aṣọ kúrò lórí ọpọ́n. "Ẹ kó o padà fún wọn. Ọmọ ọlọ́mọ ò gbọ́dọ̀ jìyà torí mi. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bu ẹ̀kúnwọ́ kan."

Mo wo Àǹtí Yẹ́misí. Mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé kó má sọ ọ́. Ó sọ ọ́. Ó rọra sọ pé erùpẹ̀ yìí kì í ṣe òun, pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀.

Màmá ra erùpẹ̀ náà láàárín ìka wọn. Wọn ò sunkún.

"Mo mọ̀," wọ́n ní. "Ti ọjọ́ yẹn dúdú, iyanrìn wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ mi ti mọ̀ látọjọ́ tí mo dà á síbí. Ṣùgbọ́n tí n bá dà á nù, kí ni mo tún fẹ́ gbé sọ́wọ́?"

Mi ò lè dúró nínú yàrá náà mọ́. Orí àtẹ̀gùn ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ tí Àǹtí Yẹ́misí ní, "Ma, mo mọ ibi tí tòótọ́ wà."

*

Sájẹ́ǹtì kan ní àgọ́ ọlọ́pàá, obìnrin tó lójú àánú, gbọ́ ọ̀rọ̀ Màmá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó bi ọ̀gá ilé àfihàn pé ṣé ẹjọ́ erùpẹ̀ ilé ìtajà ló fẹ́ rò ní kóòtù. Ọ̀gá náà ní rárá. Wọ́n pe Múyìíwá padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ pè mí láti Ìṣẹ́yìn, ó tún sunkún sí mi létí, ṣùgbọ́n èyí dùn ún gbọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo kó gbogbo wọn lọ sí Skerries. Timothy ti ṣí géètì sílẹ̀, ó wọ táì. Múyìíwá mú Màmá lọ́wọ́ kọjá koríko tútù. Òdòdó ápù ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀, òkun wà lẹ́yìn ògiri, ẹ sì mọ bó ṣe máa ń rí lápá ibẹ̀, èèyàn ò lè mọ ibi tí omi parí sí tí ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Àǹtí Yẹ́misí ń jẹ ẹ̀pà, àmọ́ àpò rẹ̀ ló ń kó èèpo sí lọ́jọ́ yẹn.

Màmá dúró sídìí igi. Timothy súnmọ́ wọn, ó ń fọwọ́ fa etí súwẹ́tà.

"Mo ti rántí nǹkan kan," ó ní. "Bàbá mi ló ń bomi rin àwọn ọ̀pẹ nínú ọkọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní tó bá dé ìdí ọ̀kan báyìí, ó máa ń ṣí fìlà."

Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ó rí mi," wọ́n ní. "Mo ń fi ìka gbẹ́ ilẹ̀, mo gbójú sókè, ọkùnrin kan dúró pẹ̀lú kẹ́tùlù. Ó yíjú sápá kan títí mo fi ṣe tán. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n bu erùpẹ̀ ìdí igi náà. Ó dúdú, iyanrìn wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi ìka ra á pẹ́.

"Ìwọ ni mo fẹ́ sọ ní Ayọ̀kúnmi," wọ́n sọ fún erùpẹ̀ náà. "Àwọn èèyàn ò pé lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ti pé báyìí."

A pè é, ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, bí a ti ń ṣe níbi ìsọmọlórúkọ. Èmi pè é, Àǹtí Yẹ́misí pè é, Múyìíwá pè é. Timothy náà gbìyànjú, ó pè é bó ṣe lè pè é. Ó wá ku Dókítà. Ó tú bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀, kóòtù olówó ńlá, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko tútù náà, bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún tí gbogbo ayé ti ń pè ní àkọ́bí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúulé o," ó ní. "Èmi àbúrò yín ni. Ẹ má bínú, n ò mọ̀ pé ẹ wà."

Kò dìde. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé èmi náà yí ojú sí òkun. Màmá ló fọwọ́ kàn án léjìká.

"Ó ti gbọ́," wọ́n ní. "Dìde, Ayọ̀. Ilẹ̀ tutù."